Ẹni Tó Kágò Lórí Ìkànnì Wa

Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà mí gbọ́. Ohun tí ojú mi rí tí etí mi sì gbọ́ ni mo fẹ́ sọ, mi ò ní bù kún un. Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà pọ̀, wọ́n ṣì wà láàyè. Ẹ lọ bi wọ́n. Wọ́n á kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn kí wọ́n tó dá yín lóhùn.

Ẹgbẹ́ wa ní ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tí èèyàn wọn kú nínú ilé iṣẹ́ ìránṣọ tó jóná ni. Ìyá wà nínú ẹgbẹ́ náà, ọkọ wà níbẹ̀, ọmọ ìyá wà níbẹ̀. Tèmi, àǹtí mi ni, àbúrò ìyá mi, tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé iná ló pa wọ́n. Irọ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ ló pa wọ́n. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ńlá mọ́ wọn láti ìta, kí òṣìṣẹ́ kankan má baà jáde lọ sinmi kí àkókò tó tó. Nígbà tí iná ṣẹ́ yọ, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ jẹun. Ilé iṣẹ́ ní àwọn ò ti ilẹ̀kùn kankan. Wọ́n ní èéfín ni kò jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rí ọ̀nà.

Ohùn nìkan ni ẹ̀rí wa. Àwọn kan fi fóònù ránṣẹ́ sílé kí èéfín tó bò wọ́n. "Wọ́n ti ilẹ̀kùn o." "Ẹ bá wa wá ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́." Ohùn kúkúrú kúkúrú, ikọ́ pọ̀ nínú wọn. Nígbà tó yá, fóònù ẹni kan bàjẹ́, ti ẹlòmíràn sọ nù. Ṣùgbọ́n a ti kó gbogbo ohùn náà jọ sórí ìkànnì wa, a kọ orúkọ olúkúlùkù sí i. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣèwádìí iná náà ní láti orí ìkànnì yẹn ni àwọn á ti gbọ́ wọn, nínú gbọ̀ngàn, níṣojú gbogbo èèyàn.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìgbìmọ̀ jókòó ni olè wọ ìkànnì náà.

Mo ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ kan, tẹ́tẹ́ ni mo rí. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Oògùn tí wọ́n ní ó ń sọ àgbà di ọ̀dọ́. Ibi tí fọ́tò ọmọ Màmá Alága, olórí ẹgbẹ́ wa, wà tẹ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ tẹ́tẹ́ kan ló ń yí bìrí bìrí níbẹ̀. Mo jókòó, mò ń wò ó. Mi ò sunkún. Ó ti rẹ̀ mí kọjá ẹkún.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ fi kọ̀wé sí ìgbìmọ̀. Ó ní ilé tí olè ti wọ̀, ta ló mọ ohun tí olè gbé síbẹ̀? Kí wọ́n da gbogbo ohùn náà nù. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ wá pè mí. Ó ní bí mo bá lè dúró níwájú wọn kí n sọ pé ìkànnì náà ti mọ́, àti pé kò sí ohun kan lórí rẹ̀ tí mi ò mọ ibi tó ti wá, wọ́n á gbọ́ àwọn ohùn náà. Bí mi ò bá lè sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Yàrá tí ẹgbẹ́ ń lò wà lókè ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà. Tábìlì gígùn kan, àga onírin mélòó kan, fáànù tó ń ké bí ẹni tí inú ń run. Òórùn ọ̀dà máa ń gba àárín pákó gòkè wá. Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ síbẹ̀. Ọ̀gá mi ò bi mí ní nǹkan kan. Ojú mi ti ròyìn fún un.

Màmá Alága wá bá mi níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gé aṣọ nínú ilé iṣẹ́ náà. Òun ni mo kọ́kọ́ bi léèrè.

"Màmá, àwọn wo lẹ gbà wọlé lórí ìkànnì?"

"Gbogbo ẹni tó bá wá."

"Báwo ni, gbogbo ẹni tó bá wá?"

"Wọ́n á kọ̀wé sí mi lórí fóònù pé ẹnì kan fẹ́ wọlé, ṣé kí wọ́n jẹ́ kó wọlé. Mo máa ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kí n lé àlejò ni?"

"Ẹ ò mọ̀ wọ́n rí!"

"Ẹni tó bá kágò, wọ́n ń dá a lóhùn ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Bí wọ́n bá tọ́ ìwọ lọ́nà mìíràn, lọ bi ìyá ẹ."

Mo ṣí orúkọ àwọn tó gbà wọlé. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Màmá. Gbogbo wọn lẹ sọ di ọ̀gá. Ẹni tó wọlé lánàá lágbára láti ta ilé."

"Ìwọ lo sọ pé nínú ẹgbẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó ju ẹnì kejì lọ. Ìwọ lo pariwo ẹ̀ nípàdé. O tún gbá tábìlì."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí olè ti wá. Òótọ́ ni, mo gbá tábìlì.

Ilé iṣẹ́ kan ló ni ẹ̀rọ ńlá tí ìkànnì wa ń gbé lórí rẹ̀. Ọkùnrin kan níbẹ̀ ló ń tọ́ mi sọ́nà lórí fóònù. Mi ò rí i sójú rí. Ẹlẹ́rọ ni mò ń pè é, òun náà ń pè mí ní Ajàfẹ́tọ̀ọ́.

"Ajàfẹ́tọ̀ọ́, ṣé o ti jẹun?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

"Ebi á pa ọ́ kú, wọn á ní olè ló pa ọ́. Ó dáa. Kọ́kọ́ gbé e kúrò lójú ayé. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé à ń tún ilé ṣe. Lẹ́yìn náà, lé gbogbo èèyàn jáde. Pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo. Má fi ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni ṣe é o. Nígbà tó o bá ṣe ìyẹn tán, ti ilẹ̀kùn."

Iṣẹ́ náà dà bí ìgbà téèyàn ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, tí ẹ̀wà ọ̀hún sì kún àpò. Fáìlì kan, mo fi wé irú rẹ̀ tó mọ́ tí Ẹlẹ́rọ fi ránṣẹ́. Òmíràn, mo fi wé èyí tó mọ́. Olè kì í gba ẹnu ọ̀nà nìkan. Bó bá ti wọlé tán, á lu ihò síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní wò, kó lè padà wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti gbàgbé rẹ̀. Ihò wọ̀nyẹn ni mò ń wá. Mo bá ọ̀kan nínú fọ́tò. Mo bá ọ̀kan nínú ohun tó ń ka iye àwọn tó wá wò wá. Mo dí wọn. Mo pa orúkọ àwọn àjèjì rẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọrùn ń ro mí. Ojú ń ta mí. Nígbà mìíràn mo máa ń wo nǹkan kan títí n ò fi mọ ohun tí mò ń wò mọ́.

Ti ilẹ̀kùn, ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ tí Ẹlẹ́rọ ń sọ ṣáá nìyẹn. Èmi tí mo ti ń ké láti ọjọ́ tí iná ti jó pé kí ẹnikẹ́ni má ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn mọ́ láyé yìí, èmi náà ni mo wá jókòó tí mò ń ti ilẹ̀kùn kiri.

Ọ̀sán gangan ni ó bẹ̀rẹ̀. Iná mànàmáná lọ. Fáànù dúró. Ọlọ́dà tó wà nísàlẹ̀ ti lọ sinmi, òpópónà sì dá. Oòrùn wà lójú fèrèsé, funfun, kò mira. Kọ̀ǹpútà ní bátìrì, íńtánẹ́ẹ̀tì sì ń ti inú fóònù mi wá, nítorí náà mi ò dáwọ́ dúró.

Mo ti lé gbogbo àjèjì tán. Ó yẹ kó ku èmi àti Màmá Alága. Ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Kí n sọ ọ́ dáadáa: orúkọ méjì, àti àyè òfìfo kan. Ẹnì kan wà lórí ìlà kẹta tí kò ní orúkọ, tí kò ní ímeèlì, tí kò ní ọjọ́ tó wọlé.

Mo pa á rẹ́. Mo ṣí ojú ewé náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó wà níbẹ̀.

Mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án.

Ó wà níbẹ̀.

Mo pe Ẹlẹ́rọ. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́.

"Ọ̀nà wo ló gbà wọlé?" mo bi í.

"Kò gba ọ̀nà kankan."

"Ẹ ní kí ni?"

"Ẹni tó bá wọlé á fi ipasẹ̀ sílẹ̀. Olè gan-an fi ipasẹ̀ sílẹ̀. Eléyìí ò ní ipasẹ̀ kankan. Kò wọlé. Inú ni ó wà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ajàfẹ́tọ̀ọ́," ó ní, "lọ wá nǹkan jẹ." Ó gé fóònù.

Ohun kan ṣoṣo ni ẹni yẹn ti ṣe lórí ìkànnì wa. Ó fi ohùn kan sáàárín àwọn ohùn tiwa. Kò sí orúkọ lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé e sétí.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ó pọ̀, ó jìnnà, bíi pé wọ́n wà lẹ́yìn ògiri. Tàtàtàtàtà. Lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ìró ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ láìní bàtà lórí símẹ́ǹtì. Ẹsẹ̀ náà dúró. Wọ́n kan nǹkan, kò! kò! kò! Kì í ṣe igi. Irin ni.

"Àgò o."

Jẹ́jẹ́ ni ó sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ yọ onílé lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà kì í ṣe òfìfo. Ẹnì kan ń dúró nínú rẹ̀. Ó dúró, ó dúró, títí ohùn náà fi tán.

Mo yọ ọ́ létí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa àǹtí mi. Kì í wọ yàrá láìkágò. Yàrá tirẹ̀ gan-an, tó fọwọ́ ara rẹ̀ tì láàárọ̀, bó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, á kágò kó tó ṣí i. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Àǹtí, ta lẹ ń kí nínú yàrá òfìfo?" Á wò wá bí ẹni tó ń wo òmùgọ̀. Á ní, "Ilé kì í ṣófo."

Mo pa ohùn náà rẹ́. Ó padà. Ó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè bẹ̀rù dáadáa.

Ọ̀nà kan ṣì kù. Ẹ̀dà gbogbo ìkànnì náà wà lórí fíláàṣì kan nínú àpótí Màmá Alága. Mo ti ṣe é ṣáájú kí olè tó wá, a dì í sínú ọ̀rá, kò sì fara kan íńtánẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ náà. Bí ohùn yẹn bá jẹ́ iṣẹ́ olè, kò ní sí nínú ẹ̀dà yẹn. Mo pe Màmá pé kó bá mi gbé e wá.

Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ.

"Àtẹ̀gùn yìí ló máa pa mí, kì í ṣe ọ̀fọ̀. Gbà. Mo ra omi fún ọ. Wo ojú ẹ bí ojú ẹni tó jí lójú oorun ọdún kan."

"Ẹ ṣé, Màmá."

Mo ṣí ẹ̀dà náà. Mo wá inú rẹ̀.

Ó wà níbẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi dákẹ́?" Màmá bi mí.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé irú ẹ̀. Mo kàn jẹ́ kí ohùn náà jáde síta. Ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìdákẹ́jẹ́. Ẹsẹ̀. Kò, kò, kò.

"Àgò o."

"Àgò yà o," Màmá dáhùn, "ẹ wọlé."

A wo ara wa.

A ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà sílẹ̀ nítorí ooru. Aṣọ ìkélé wà lójú rẹ̀. Kò sí afẹ́fẹ́. Aṣọ náà wú sínú, díẹ̀ díẹ̀, bíi pé èjìká kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sáyè rẹ̀. Òórùn ọ̀dà lọ. Òórùn òwú tó ń jó ló rọ́pò rẹ̀.

"Màmá, kò yẹ kẹ́ ẹ dáhùn."

"Ẹnu mi ló dáhùn," ó ní. "Èmi kọ́." Ó fi ìdí lé àga bí ẹni tí wọ́n tì. "Tún un ṣe, kí n gbọ́."

Mo tún un ṣe. Ẹ̀rọ. Ìdákẹ́jẹ́. Ẹsẹ̀. Irin. Àgò o. Ìdákẹ́jẹ́ gígùn yẹn. Mo na ọwọ́ láti pa á, torí mo mọ̀ pé ó ti parí.

Kò parí.

"Ẹ ṣeun," ohùn náà wí. "Ilẹ̀kùn ò ṣí."

Màmá Alága bú sẹ́kún. Mi ò tíì gbọ́ kó sunkún rí, kódà nígbà ìsìnkú.

"Ohùn ọmọ mi nìyẹn," ó ní.

Ohùn àǹtí mi ni mo gbọ́. A ò bá ara wa jiyàn.

Nígbà tí mo sọ fún Ẹlẹ́rọ, kò fẹ́ kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ọ. Ó ní ọmọ kékeré wà nílé òun. Ṣùgbọ́n ó ti ro ọ̀rọ̀ náà.

"Ọ̀nà kan ló kù. A ó kọ́ ìkànnì tuntun, ibòmíràn, láti ìpìlẹ̀. O ó kó ohùn tó o mọ̀ lọ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí o bá kó wọn tán, a ó ti èyí àtijọ́ pa, màá sì pa á rẹ́ láti ọ̀dọ̀ mi níbí. Ohunkóhun tó bá wà nínú ẹ̀ á bá a lọ. Wàá lè dúró níwájú ìgbìmọ̀ yín, wàá sọ òótọ́."

"Ohun tó bá wà nínú ẹ̀ ńkọ́?"

"Á wà nínú ẹ̀."

"Ẹ fẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

"Fáìlì ni, Ajàfẹ́tọ̀ọ́."

"Ẹ fẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì dáná sun ilé."

Ó ní ká kọ́kọ́ kọ́ tuntun ná.

A kọ́ tuntun náà. Mo kó àwọn ohùn lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mò ń ka orúkọ wọn sókè bí mo ṣe ń gbé wọn. Nígbà tó ku ẹyọ kan yẹn, mo gbé ìka lé bọ́tìnnì. Bí mo bá fi í sílẹ̀, a ti borí. Gbogbo ìyá tó wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì onígi ní ọ́fíìsì oríṣiríṣi tí wọ́n ń sọ fún un pé kó padà wá lọ́la, á gbọ́ pé òótọ́ ni ọmọ òun sọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tó tọ́ sí wọn.

Mo gbé e. Mo gbé òun náà lọ.

"A lè dákẹ́ nípa ẹ̀," Ẹlẹ́rọ wí. "Ta ló máa mọ̀?"

Màmá Alága ló gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ẹ káàsán o, ọ̀gá. Bí a bá purọ́ nípa ilẹ̀kùn kan, ta ló máa gbà wá gbọ́ nípa èkejì? Ẹ kí àwọn ará ilé."

Ó gé e.

Gbọ̀ngàn náà tóbi, fèrèsé rẹ̀ ga jù fún ẹnikẹ́ni láti wo ìta. Ẹnu ọ̀nà kan ló ní, ilẹ̀kùn onígi aláwẹ́ méjì tí a kàn máa ń fọwọ́ tì ṣí. Kò ní kọ́kọ́rọ́. Kò ní ìdábùú. Mo wò ó dáadáa nígbà tí mo wọlé. Ó ti di àṣà mi.

Adájọ́ àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni olórí ìgbìmọ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, akọ̀wé kan ń fi ẹ̀rọ tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá sọ. Agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ jókòó ní ọ̀tún. Ọkùnrin yẹn kì í pariwo. Ó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bíi dókítà eyín.

"Ọmọ mi," adájọ́ ní, "ṣé ìkànnì yín ti mọ́?"

"Ó ti mọ́, sà. A ti dí gbogbo ihò tí olè lù. Gbogbo ohùn tó wà níbẹ̀, mo mọ ẹni tó fi ránṣẹ́, mo mọ ẹni tó gbà á. Àyàfi ẹyọ kan."

Mo gbọ́ bí àwọn ẹbí tó wà lẹ́yìn mi ṣe mí kanlẹ̀. Agbẹjọ́rò ti dìde.

"Olúwa mi, ó ti parí."

"Ẹ jókòó ná. Ta ló fi síbẹ̀, ọmọ mi?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Kí ló dé tí o ò yọ ọ́?"

"Mo yọ ọ́. Ó ń padà. Nígbà tó yá, mi ò fẹ́ yọ ọ́ mọ́."

"Kí ló dé?"

"Nítorí ilẹ̀kùn ni, sà."

Bóyá ó ti rẹ adájọ́ náà. "Ohun tí a ó bá dà nù," ó ní, "ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ ká tó dà á nù."

Wọ́n gbé e sí gbohùngbohùn. Tàtàtàtàtà. Ó kún gbọ̀ngàn náà. Ó dákẹ́. Ẹsẹ̀ rìn wá. Kò, kò, kò.

"Àgò o."

Adájọ́ àgbàlagbà ni. Ilé tí wọ́n ti tọ́ Màmá Alága, irú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ òun náà.

"Àgò yà," ó ní. Kò tilẹ̀ gbójú sókè nínú ìwé rẹ̀. "Wọlé."

"Ẹ ṣeun, sà," ohùn náà dáhùn. "Ilẹ̀kùn ò ṣí."

Adájọ́ gbójú sókè.

Lẹ́yìn mi, gbogbo ẹbí dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Olúkúlùkù ń pe orúkọ. Kò sí orúkọ méjì tó jọra.

"Eré ìtàgé nìyí," agbẹjọ́rò wí. Ẹ̀rín rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò bá a rẹ́rìn-ín. "Mi ò ní jókòó síbi eré." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn ò ṣí.

Ó fà á. Ó fi èjìká tì í. Ẹnì kan nínú wa fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í gun inú gbọ̀ngàn. Mo tún gbọ́ òórùn yẹn, òwú tó ń jó. Mi ò rí èéfín. Kò sí ẹni tó rí i. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn. Igi ni ilẹ̀kùn náà. Ìró irin ló ń mú jáde.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn!" ó ké. Ọkùnrin tí kì í pariwo. "Wọ́n ti ilẹ̀kùn o! Ẹ bá wa wá ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́!"

Nínú gbogbo gbọ̀ngàn, akọ̀wé nìkan ló ń mira. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tẹ ohun tó bá gbọ́. Tàtàtàtàtà. Ó tẹ̀ ẹ́ títí dé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ó sì dáwọ́ dúró.

"Agbẹjọ́rò," adájọ́ ní, ohùn rẹ̀ kéré, "ilẹ̀kùn yẹn ò ní kọ́kọ́rọ́."

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí. Mẹ́sẹ́ńjà tó ń gbé omi wá fún ìgbìmọ̀ ni, ìgbọ̀nwọ́ ló fi tì í torí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di àwo mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà díẹ̀ fún mi, sà," ó wí fún agbẹjọ́rò.

Ó ní òun ti dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, òun ò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn.

Ìgbìmọ̀ ò tíì gbé àbọ̀ jáde títí di òní. Wọ́n gbọ́ gbogbo ohùn wa lọ́jọ́ náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, agbẹjọ́rò ò sì dá wọn dúró. Mo gbọ́ pé lẹ́yìn náà ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ tí òun sọ lẹ́nu ọ̀nà kúrò nínú àkọsílẹ̀, adájọ́ sì ní akọ̀wé kì í yọ ohun tó bá ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohun tó wà lórí ìkànnì yẹn. Bí wọ́n bá bi mí, mi ò mọ̀.

Ìkànnì náà ti le báyìí. Olè ti gbìyànjú lẹ́yìn ìgbà náà, kò rí ihò. Màmá Alága ti ń bèèrè "Ta nìyẹn?" kó tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àlejò kọ̀ọ̀kan tó bá dá padà. Ẹlẹ́rọ ṣì ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀, àti àyè òfìfo kan. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Àṣà kan ni mo kó níbẹ̀. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn dé yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà, mo máa ń kágò kí n tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni nínú ibẹ̀. Èmi ni mo tì í lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo máa ń kágò, mo máa ń dúró díẹ̀, kí n tó ṣí i.

Lánàá, mo kágò. Ọ̀sán ni, òpópónà dá. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ tí àga onírin kan wọ́ nílẹ̀ nínú yàrá, bí ìgbà tí ẹni tó jókòó bá rọra dìde láti wá ṣílẹ̀kùn fún èèyàn.